Pọ́ǹpù Mọ Títì, Kò Mọ Fífà: Àkọsílẹ̀ Iṣẹ́ Ọ̀nà Epo MGB GT V8 Mi

Sátidé, ọjọ́ 8 oṣù Kẹta

Mo fi ọ̀bẹ la hóòsì epo ọkọ̀ mi láti òkè dé ìsàlẹ̀, mo sì tẹ́ ẹ sórí tábìlì. Ẹ̀yìn rẹ̀ ṣì ń dán, ó dúdú mirinmirin, kò sí àpá kankan lára rẹ̀. Inú rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Ó ti sán wẹ́wẹ́ bí ètè inú ọyẹ́, nígbà tí mo sì tẹ̀ ẹ́, rọ́bà wóró kan já bọ́ sí mi lọ́wọ́. Hóòsì yìí ò tíì pé ọdún mẹ́ta lọ́wọ́ mi. Inú ọkọ̀ tí mo fi ń gbé ìyàwó mi àti àwọn ìbejì ló wà, bẹntiróòlù sì ń fi tagbáratagbára gba inú rẹ̀ kọjá ní gbogbo ìgbà tí mo bá ṣáná sí ọkọ̀.

Mo gbé kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ kọ́ sára ògiri. Kò tún ní jáde nílé títí mo fi máa tún ọ̀nà epo rẹ̀ ṣe láti ìdí táǹkì dé orí ẹ́ńjìnnì.

Ọkọ̀ náà ni MGB GT ọdún 1973, ọkọ̀ kékeré ilé iṣẹ́ MG, tí wọ́n ṣe ní Abingdon lẹ́bàá Oxford. Ẹ́ńjìnnì tó bá a wáyé jẹ́ onísìlíńdà mẹ́rin, 1798 cc, oníkábúrétọ̀ méjì tí ilé iṣẹ́ SU ṣe. Ẹni tó ta ọkọ̀ náà fún mi ti yọ ìyẹn dànù tipẹ́, ó ti gbé V8 Rover, ìyẹn ẹ́ńjìnnì onísìlíńdà mẹ́jọ, onílítà 3.5 sí i. Kì í ṣe ohun àjèjì lára ọkọ̀ yìí rárá, torí MG fúnra wọn ṣe MGB GT V8 láàárín ọdún 1973 sí 1976, 2,591 péré ni wọ́n sì ṣe. Buick ti Amẹ́ríkà ló kọ́kọ́ ní ẹ́ńjìnnì yẹn kí Rover tó gba ẹ̀tọ́ rẹ̀ lọ́wọ́ wọn ní 1965. Alumíníọ̀mù ni ara rẹ̀, ìdí nìyẹn tí kò fi fi bẹ́ẹ̀ wúwo ju onísìlíńdà mẹ́rin onírin tó bá níbẹ̀ lọ. Nígbà tí 3.5 yẹn gbó, mo ra 3.9 láti ara Range Rover kan tó ti jẹrà, mo gbé e wọlé pẹ̀lú ínjẹ́kítọ̀ mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ rẹ̀ tó ń fọ́n epo sínú ẹ́ńjìnnì àti kọ̀ǹpútà Lucas 14CUX tó ń darí wọn. Irú ẹ́ńjìnnì kan náà ni MG fi sínú RV8, ọkọ̀ tí wọ́n ṣe láti ara MGB, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, nítorí náà ìgbéyàwó wọn ò ní wàhálà.

Ẹ́ńjìnnì yẹn dára. Bí mo ṣe ń gbé epo dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni kò dára. Nígbà tí mo ń kó o wọlé, ojú ń kán mi kí ọkọ̀ lè tètè rìn. Mo de pọ́ǹpù Bosch mọ́ ilẹ̀ bútù, mo fi hóòsì fa epo gòkè láti inú táǹkì àtijọ́ wá bá a, mo sì sọ páìpù tóóró tó ń gbé epo fún kábúrétọ̀ nígbà kan di páìpù àbọ̀, ìyẹn èyí tó ń dá epo tí ẹ́ńjìnnì ò lò padà sí táǹkì. Mo sọ fún ara mi pé fún ìgbà díẹ̀ ni. Ọdún méjì ló gbà.

Nǹkan méjì ló ń ṣe ọkọ̀ náà. Èkíní ni òórùn. Ẹni tó bá mọ GT mọ̀ pé bútù rẹ̀ kì í ṣe yàrá ọ̀tọ̀: ilẹ̀kùn ẹ̀yìn máa ń ṣí sókè ni, ibi ẹrù àti ibi ìjókòó sì jẹ́ inú kan náà. Ohunkóhun tó bá ń rùn lẹ́yìn, ọ̀dọ̀ èrò iwájú ló ń bọ̀. Nígbà tí a dé ibi ìsọmọlórúkọ kan ní Peckham ní London, ìyàwó mi fa etí gèlè rẹ̀, ó ní kí n gbóòórùn rẹ̀. Bẹntiróòlù ni. Kò bínú, kò sì sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára. Ohun tó lè wọ gèlè ti wọ ẹ̀dọ̀fóró àwọn ọmọ.

Èkejì ni ráńdábáọ̀tì. Nílẹ̀ yìí, ọwọ́ ọ̀tún la máa ń yí sí bá a bá ti wọ inú ráńdábáọ̀tì. Bí ọkọ̀ ṣe ń yí sọ́tùn-ún, epo inú táǹkì á ya lọ sápá òsì. Apá ọ̀tún sì ni ẹnu tó ń fa epo wà nínú táǹkì mi. Bí epo bá ti wálẹ̀ sí ìdá mẹ́ta táǹkì, ẹnu yẹn á ṣófo, pọ́ǹpù á gbé afẹ́fẹ́ mì, ẹ́ńjìnnì á húkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, á dákẹ́. Lálẹ́ ọjọ́ kan ní Thamesmead, ó kú mọ́ mi lọ́wọ́ láàárín ráńdábáọ̀tì, ọkọ̀ akẹ́rù ńlá kan sì wà lẹ́yìn mi. Awakọ̀ rẹ̀ tẹ bíréèkì. Bí kò bá tẹ̀ ẹ́ ńkọ́?

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 16 oṣù Kẹta

Ẹ̀gbọ́n kan tó kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì ní Mushin kó tó wá sí London yà sọ́dọ̀ wa lẹ́yìn ìsìn. Kò tiẹ̀ bọ́ kóòtù. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́yìn ọkọ̀, ó ní kí n ṣí súwíìṣì, ó gbọ́wọ́ lé pọ́ǹpù, ó sì tẹ́tí.

"Àbúrò, ṣé o gbọ́ igbe yẹn?"

"Mo gbọ́ ọ, sà."

"Ebi ló ń pa á."

Mo sọ fún un pé mo ti rí pọ́ǹpù kan tó tóbi ju èyí lọ, mo fẹ́ sanwó rẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Ó ní kí n fowó mi sápò. "Èyí tó o ní yìí gan-an ti tó, ó lé. Pọ́ǹpù yìí mọ títì, kò mọ fífà. O gbé e sókè, epo wà nísàlẹ̀, o wá ní kó fà á gòkè kó tó máa tì í lọ síwájú. Gbé e sísàlẹ̀, kí epo máa ṣàn wọ̀ ọ́ lẹ́nu fúnra rẹ̀. Kí o sì wá nǹkan ṣe sí inú táǹkì yẹn."

Ìyẹn ni gbogbo iṣẹ́ tí mo ṣe láti ọjọ́ náà lọ. Àwa tí a fẹ́ràn ọkọ̀ àtijọ́ tí a ti yí padà, pọ́ǹpù ńlá ni a máa ń kọ́kọ́ sáré rà bí epo ò bá tó, torí pé ó rọrùn láti rà. Ibi tí pọ́ǹpù ń dúró sí àti ohun tó ń wọ ẹnu rẹ̀ kì í wá sí wa lọ́kàn.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ìyàtọ̀ náà, torí òun ló mú kí ọgbọ́n tó bá kábúrétọ̀ mu má bá ínjẹ́kítọ̀ mu. Pọ́ǹpù SU tó máa ń ró ta-ta-ta lẹ́yìn MGB ń rọra ti epo lọ kún ago kábúrétọ̀ ni, pẹ̀lú agbára bíi psi mẹ́ta péré (psi àti bar ni a fi ń wọn agbára tí epo fi ń tì). Tí ago bá kún, abẹ́rẹ́ á dí ihò, pọ́ǹpù á sinmi. Bí afẹ́fẹ́ bá bá epo wá díẹ̀, epo tó ti wà nínú ago á gbé ọkọ̀ kọjá títí ara ọ̀nà á fi balẹ̀. Ínjẹ́kítọ̀ ò ní ago kankan. Bar 2.5 ló ń fẹ́ lẹ́nu rẹ̀, ìyẹn nǹkan bíi psi 36, ó ju ìlọ́po mẹ́wàá ohun tí SU ń tì lọ. Pọ́ǹpù rẹ̀ kì í sinmi. Epo ń lọ, epo ń bọ̀: èyí tí ẹ́ńjìnnì ò bá lò, régúlétọ̀, ẹ̀rọ kékeré tó ń ṣọ́ agbára epo, á dá a padà sínú táǹkì. Bí afẹ́fẹ́ bá wọ ẹnu pọ́ǹpù fún ìṣẹ́jú àáyá kan péré, ẹ́ńjìnnì ti mọ̀.

Nígbà tí Ẹ̀gbọ́n lọ tán, mo wọn ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Mo gbé ọkọ̀ síta, mo yọ páìpù àbọ̀ kúrò lẹ́yìn régúlétọ̀, mo fi hóòsì darí epo sínú kẹ̀ẹ̀gì, mo wá tan pọ́ǹpù fún ìṣẹ́jú àáyá 30 láìṣáná sí ẹ́ńjìnnì. Lítà 0.55 ló jáde. Pọ́ǹpù tó yẹ kó gbé lítà 120 láàárín wákàtí kan nìyẹn, tó fi jẹ́ pé lítà kan gbáko ló yẹ kí n rí. Mo ṣírò ohun tí ẹ́ńjìnnì náà lè mu tí mo bá tẹ̀ ẹ́ dé ilẹ̀: agbára ẹṣin rẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ ju 185 lọ, èyí túmọ̀ sí pé kò lè mu ju lítà 60 láàárín wákàtí kan. Ohun tí mo ń rí lọ́wọ́ pọ́ǹpù ò ju lítà 66 lọ, nígbà tí táǹkì kún pàápàá. Kò sí àlàfo kankan níbẹ̀ fún ráńdábáọ̀tì.

Sátidé, ọjọ́ 29 oṣù Kẹta

Táǹkì ti bọ́.

Mo ti jẹ́ kí epo inú rẹ̀ wálẹ̀ sí nǹkan bíi lítà 15 kí n tó gbé kọ́kọ́rọ́ kọ́. Òfin ilẹ̀ yìí gbà kí èèyàn tọ́jú bẹntiróòlù tó lítà 30 sílé láì kọ̀wé sí aláṣẹ kankan, tó bá ti jẹ́ inú kẹ̀ẹ̀gì tí wọ́n ṣe fún un. Ìta gbangba ni mo ti fà á jáde. Mo yọ orí bátìrì, mo fi fóònù mi sílẹ̀ nínú ilé, mo gbé ẹ̀rọ panápaná sí ibi tí ọwọ́ mi lè tó, mo sì sọ fún àwọn ìbejì pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ gba ẹ̀yìnkùlé kọjá títí mo fi máa pè wọ́n. Èéfín bẹntiróòlù wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ. Ilẹ̀ ló máa ń fà lọ bí ejò, á sì wá iná lọ síbi tí ẹnikẹ́ni ò fọkàn sí.

Nígbà tí nọ́ọ̀tì tó gbé táǹkì dúró tú tán, mo fi jáàkì àti pátákó sọ̀ ọ́ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Abẹ́ rẹ̀, tí mo máa ń rí nígbà gbogbo, mọ́ tónítóní. Orí rẹ̀ ni mi ò tíì rí rí láti ọjọ́ tí mo ti ra ọkọ̀ náà. Àwọn ọ̀já tí wọ́n tẹ́ sáàárín táǹkì àti ilẹ̀ bútù ti ń mu omi òjò àti iyọ̀ ojú ọ̀nà fún ọ̀pọ̀ ọdún, bíi kànìnkànìn. Abẹ́ wọn ti dípẹtà, ó ti wú bí èèpá ojú ọgbẹ́. Mo fi ẹnu sùkúrú kàn án jẹ́jẹ́. Ó wọlé. Apá ibẹ̀ náà wà lára òórùn tó wọ gèlè.

Ẹnì kan gbà mí nímọ̀ràn pé kí n fi omi gbígbóná fọ̀ ọ́ kí n sì gbé e fún ajórinmọ́rin kó lẹ̀ ẹ́. Mi ò ní ṣe bẹ́ẹ̀, mo sì ń bẹ ẹni tó bá ń ka èyí pé kó má ṣe é. Táǹkì tó bá ti gba bẹntiróòlù rí kì í ṣófo. Epo ti wọ abẹ́ ìpẹtà, ó ti wọ ojú ìdè irin, ooru iná ló sì máa pè é jáde. Táǹkì tí epo kún inú rẹ̀ ò léwu tó èyí tí èéfín nìkan kù sí. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé nílé, mo mọ ọmọṣẹ́ wẹ́dà kan tí irú táǹkì bẹ́ẹ̀ bú mọ́ lójú. Àpá rẹ̀ ṣì wà níwájú orí rẹ̀ nígbà tí mo rí i kẹ́yìn.

Táǹkì tuntun ni mo rà. Èyí tí epo ò tíì kán sí nìkan ni iná lè fọwọ́ kàn. Kí ẹ̀kán bẹntiróòlù kan tó wọ inú rẹ̀, mo gbé e lọ fún ajórinmọ́rin kan ní Kent tó mọ iṣẹ́ táǹkì, mo sì ya ohun tí mo fẹ́ fún un sórí páálí.

Sátidé, ọjọ́ 12 oṣù Kẹrin

Àpótí irin kékeré kan ni ohun tí mo yà, ó gba bíi lítà mẹ́ta, ó sì jókòó sísàlẹ̀ nínú táǹkì. Ilẹ̀kùn pẹlẹbẹ mẹ́ta ló wà lára rẹ̀, inú nìkan ni wọ́n ń ṣí sí. Bí epo táǹkì bá ya lọ síhà kan, ilẹ̀kùn apá ibẹ̀ á ṣí kí epo wọlé. Bí ó bá fẹ́ ṣàn jáde, ilẹ̀kùn á pa dé. Ẹnu tó ń fún pọ́ǹpù lépo wà ní ìdí àpótí náà, ó fẹ̀ tó mìlímítà 12. Apá tí mo fẹ́ràn jù ni pé inú àpótí yìí kan náà ni páìpù àbọ̀ ń da epo sí. Tí ọkọ̀ bá dúró sójú kan tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń ṣiṣẹ́, èyí tó pọ̀ jù nínú epo tí pọ́ǹpù gbé ló ń padà wá. Kàkà kó dà sínú táǹkì gbalasa, àpótí ló ń kún. Epo tó ti lọ tó sì ti bọ̀ ló ń ṣọ́ ẹnu pọ́ǹpù.

Àwọn mìíràn máa ń lo ìkòkò epo lọ́tọ̀, wọ́n á fi pọ́ǹpù kékeré kan gbé epo láti táǹkì lọ kún un, pọ́ǹpù ńlá á wá máa mu nínú ìkòkò náà. Ọ̀nà dáadáa ni, ó sì wọ́pọ̀ lára ọkọ̀ tí wọ́n ń fi sáré ìje. Ṣùgbọ́n lára GT, bútù ni ó máa ń bọ́ sí, mo sì ti pinnu pé ohunkóhun tó ní epo nínú ò tún ní gbé inú kan náà pẹ̀lú àwọn ọmọ mi mọ́.

Kí n tó gbà á lọ́wọ́ ajórinmọ́rin, mo ní kí a dán an wò. A dí gbogbo ẹnu rẹ̀, a fi pọ́ǹpù kẹ̀kẹ́ fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i níwọ̀nba, torí afẹ́fẹ́ púpọ̀ á wú táǹkì bíi bàlúù. Mo wá po ọṣẹ mọ́ omi, mo fi búrọ́ọ̀ṣì kùn ún káàkiri gbogbo ojú ìdè. Gbogbo rẹ̀ dákẹ́. Mo dé ọrùn páìpù àbọ̀, mo sì rí i: ìfófó kan ṣoṣo, kò ju orí abẹ́rẹ́ lọ, ó ń wú, ó ń fọ́, ó tún ń wú. Bàbá náà wò ó, kò jiyàn, ó fi yíyọ́ irin dí i lójú mi, a sì tún bẹ̀rẹ̀ láti orí ọṣẹ. Nígbà tó máa fi di agogo méjì ọ̀sán, kò sí ìfófó mọ́.

Ìsinmi Ọdún Àjíǹde

Ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi wà lábẹ́ ọkọ̀.

Pọ́ǹpù Bosch mi àtijọ́ ni mo tún lò, Ẹ̀gbọ́n ló jàre. Mo gé irin kan, mo tẹ̀ ẹ́, mo fi rọ́bà tẹ́ ibi ìdè rẹ̀ kí ariwo má bàa wọ ara ọkọ̀, mo sì so pọ́ǹpù mọ́ ọn níwájú ìdí táǹkì, lápá ọ̀tún, nítòsí ibi tí SU máa ń wà láyé àtijọ́. Ó rẹlẹ̀ ju ẹnu àpótí lọ. Fíltà tí ojú rẹ̀ fẹ̀ wà ṣáájú pọ́ǹpù, èyí tí ojú rẹ̀ pẹ́ẹ́ wà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹni tó bá fi fíltà olójú pẹ́ẹ́ ṣáájú pọ́ǹpù, ebi kan náà ló tún fi ń pa á.

Páìpù àlọ jẹ́ mìlímítà 8, bàbà tí wọ́n pò mọ́ nikẹ́ẹ̀lì, tí kò ní dípẹtà. Mo gbé e gba ọ̀nà tó jìnnà sí sàlẹ́ńsà, mo sì fi kílíìpù onírọ́bà dì í mú kó má bàa mì. Gbogbo ẹnu páìpù tí hóòsì máa wọ̀ ni mo wú létí díẹ̀, kí hóòsì má bàa yọ̀ jáde nígbà tí bar 2.5 bá ń tì í.

Nípa hóòsì, ẹ jẹ́ kí n dúró níbí díẹ̀. Láti oṣù Kẹsàn-án ọdún 2021 ni epo 95 tó wọ́pọ̀ ní ilé epo ilẹ̀ yìí ti di E10, tí ọtí ethanol inú rẹ̀ lè tó ìdá 10 nínú 100. Ọtí yẹn ń fa omi mọ́ra, ó sì ń jẹ rọ́bà àtijọ́ láti inú síta. Bó ṣe jẹ́ pé inú ló ti ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn tí ẹ̀yìn hóòsì mi fi ń dán nígbà tí inú rẹ̀ ti kú. Hóòsì tí wọ́n kọ SAE J30 R6 sí lára, ti kábúrétọ̀ ni. R9 ni ti ínjẹ́kítọ̀, òun ni mo fi sí gbogbo ibi tó nílò hóòsì. Mo sì gé wọn kúrú bó ti lè ṣe é ṣe tó. Kílíìpù tí etí rẹ̀ yípo ni mo fi dè wọ́n, torí èyí tó ní eyín máa ń gé rọ́bà wọlé nígbà tí wọ́n bá fún un. E5 ni mò ń rà báyìí, èyí tí ọtí inú rẹ̀ kò ju ìdá 5 nínú 100 lọ, tí ilé epo ń pè ní super. Owó rẹ̀ ga, ṣùgbọ́n ìjọba fúnra wọn sọ pé òun ló yẹ ọkọ̀ àtijọ́.

Páìpù àbọ̀ tóóró àtijọ́ ṣì dára lójú mi, n kò yọ ọ́. Ẹ óò gbọ́ nípa rẹ̀.

Iná: wáyà funfun tí MG fi sílẹ̀ fún pọ́ǹpù tín-ín-rín, kò sì ní fíúsì. Ó tó SU, kò tó Bosch. Mo wọn fóltì létí pọ́ǹpù nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́ kí n tó tú u: 10.9, nígbà tí ti bátìrì jẹ́ 13.6. Mo fa wáyà tó nípọn láti ìdí bátìrì, mo fi rìléè, ìyẹn súwíìṣì tí iná ń tan, àti fíúsì áḿpíà 15 sí i. Kọ̀ǹpútà ló ń tan rìléè náà. Tí ẹ́ńjìnnì bá kú, ó ń pa á fúnra rẹ̀. Mo tún fi súwíìṣì ìjàǹbá sí i, èyí tí mo tú lára Rover kan ní ọgbà àlòkù. Tí ọkọ̀ bá kọlu nǹkan, bọ́ọ̀lù kékeré inú rẹ̀ á fò kúrò ní ipò, iná pọ́ǹpù á sì gé. Mo fi àtẹ́lẹwọ́ gbá a lórí tábìlì lẹ́ẹ̀mẹta. Ó gé lẹ́ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Sátidé, ọjọ́ 3 oṣù Karùn-ún

Mo da lítà mẹ́wàá sínú táǹkì tuntun. Mo ṣí súwíìṣì. Pọ́ǹpù ró wúù fún ìṣẹ́jú àáyá méjì bí kọ̀ǹpútà ṣe ń pàṣẹ fún un, ó sì dákẹ́. Igbe àtijọ́ yẹn ti lọ. Mo fi bébà funfun nu gbogbo ojú ìdè lọ́kọ̀ọ̀kan, mo ń yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó tutù. Gbogbo rẹ̀ gbẹ.

Ẹ́ńjìnnì gbà lẹ́ẹ̀kan náà, ṣùgbọ́n ó ń tu èéfín dúdú, òórùn epo tí kò jó tán sì ń ti ẹnu sàlẹ́ńsà jáde. Mo wo géèjì tí mo so mọ́ ọ̀nà epo. Mo yọ hóòsì afẹ́fẹ́ kékeré tó wà lórí régúlétọ̀, èyí tó ń jẹ́ kí ìfà ẹ́ńjìnnì dín agbára epo kù, kí n lè rí iye tòótọ́. Bar 2.5 ló yẹ kí n rí. 3.3 ni mo rí.

N kò fẹ́ fẹ̀sùn kan régúlétọ̀ láì wádìí. Mo pa ẹ́ńjìnnì, mo yọ páìpù àbọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, mo fi hóòsì tó fẹ̀ darí epo sínú kẹ̀ẹ̀gì, mo tan pọ́ǹpù. Géèjì wálẹ̀ sí 2.5, ó sì dúró síbẹ̀ gbọin. Régúlétọ̀ mọ iṣẹ́ rẹ̀. Epo tó ń dá padà ni kò rọ́nà lọ.

Páìpù tí mo dá sí yẹn ni. Inú rẹ̀ ò ju mìlímítà 5 lọ, ó sì tẹ́ pẹlẹbẹ níbì kan lábẹ́ ìjókòó ọ̀tún, níbi tí ẹnì kan ti gbé jáàkì sí láyé ọjọ́un. Èrò mi ni pé àbọ̀ kò nílò agbára, nítorí náà ọ̀nà tóóró á tó o. Nígbà tí pọ́ǹpù ń jẹ ebi, ó tó o lóòótọ́, torí epo díẹ̀ ló ń gbà á. Láti ìgbà tí pọ́ǹpù ti bẹ̀rẹ̀ sí í yó, epo tó ń padà di ìlọ́po méjì, ọ̀nà náà há mọ́ ọn, agbára sì ń kó jọ sẹ́yìn régúlétọ̀ títí dé ẹnu ínjẹ́kítọ̀. Mo ti tún àlọ ṣe, mo gbàgbé àbọ̀.

Ọjọ́ kejì, mo fa páìpù mìlímítà 8 mìíràn láti iwájú dé ẹ̀yìn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ èkíní. Géèjì: 2.5 láì sí hóòsì afẹ́fẹ́, nǹkan bíi 2.0 nígbà tí mo so ó padà tí ẹ́ńjìnnì sì ń rọra ṣiṣẹ́. Bó ṣe yẹ kó rí gan-an nìyẹn. Mo tún gbé kẹ̀ẹ̀gì síbẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá 30. Lítà 1.05. Pọ́ǹpù kan náà ni o.

Mo tẹ́ páálí funfun sábẹ́ ọkọ̀ láti alẹ́ ọjọ́ náà. Láàárọ̀, kò sí ẹ̀kán kan lórí rẹ̀.

Sátidé, ọjọ́ 10 oṣù Karùn-ún

Epo tó kù sínú táǹkì ò ju lítà mẹ́jọ lọ. Mo mọ̀ọ́mọ̀ má fi kún un.

Mo so hóòsì géèjì kọjá lábẹ́ bọ̀nẹ́ẹ̀tì, mo sì fi téèpù lẹ géèjì náà mọ́ ìta gíláàsì iwájú, níwájú ìjókòó èrò. Ìta ló gbọ́dọ̀ wà: epo gidi ló wà nínú hóòsì rẹ̀, kò sì yẹ kó wọ inú ọkọ̀. Ìyàwó mi bá mi jókòó. A fi àwọn ìbejì sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìyá wọn àgbà.

"Ìyá Ìbejì, kí abẹ́rẹ́ yẹn ń kà ni kí o máa pè fún mi. Má wo nǹkan mìíràn."

"Mo ti gbọ́, Bàbá Ìbejì. Ẹ̀yin náà ẹ wo ọ̀nà."

A dé ráńdábáọ̀tì tí ọkọ̀ kú sí lọ́jọ́sí. Ilẹ̀ ti mọ́ dáadáa, ọkọ̀ ò pọ̀. Mo wọlé, mo yí sọ́tùn-ún, mo tẹ epo. Mo gbọ́ bí táyà òsì ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í han lójú títì. N kò gba ọ̀nà tí mo yẹ kí n gbà jáde, mo yí i po lẹ́ẹ̀kejì, mo yí i po lẹ́ẹ̀kẹta, tí epo á ti ya lọ sápá òsì pátápátá.

"Méjì ààbọ̀," ni ó ń wí. "Méjì ààbọ̀. Ó ṣì wà ní méjì ààbọ̀. Kò tiẹ̀ mira."

Mo jáde sí ọ̀nà tó lọ sí Abbey Wood, mo sì ní kó gbóòórùn inú ọkọ̀ fún mi. Ó yí ojú sẹ́yìn, ó mí kanlẹ̀. Ó ní awọ àga nìkan lòún gbọ́.

Ohun tó kù ni géèjì epo inú ọkọ̀, tó ń sọ pé táǹkì ti gbẹ nígbà tí lítà mẹ́jọ ṣì wà níbẹ̀. Màá tẹ apá ohun tó léfòó nínú táǹkì náà díẹ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.